Ẹ Fún Wa Ní Ọ̀nà, Kí Hótẹ́ẹ̀lì Ṣì Dúró Ná: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aláṣẹ Kétu

Sí Mẹ́ẹ̀rì àti Ìgbìmọ̀ Kọ́múùnù Kétu,
Sí Akọ̀wé Àgbà Kọ́múùnù,
Sí àwọn ọ̀gá Omi àti Igbó ní ẹkùn Plateau,
Ẹ̀dà sí ààfin Kábíyèsí Alákétu.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ọmọ Kétu ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, mo máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ jáde láti fi ẹsẹ̀ rìn nínú igbó àti ọ̀dàn wa. Ẹrù wa kò ju ohun tí èjìká lè gbé lọ: omi, gaàrì, ìkòkò kan, àwọ̀n ẹ̀fọn, àgọ́ aṣọ. À ń rìn láàárọ̀, à ń sinmi lábẹ́ igi lọ́sàn-án, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí la ń tẹ́ ẹní sí. Àwọn kan nínú ìlú máa ń bi wá pé ta ló ń ṣẹ́ wa níṣẹ̀ẹ́ tó báyìí. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́ wa, ó wù wá ni.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo mú wá kò wúwo. N kò tọrọ owó, n kò sì tọrọ hótẹ́ẹ̀lì. Mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, ẹni tó ní àṣẹ láti sọ fún ẹlẹ́sẹ̀ pé "Máa lọ" tàbí "Padà", ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè sùn sí, àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ dán wò níbẹ̀.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde kan, a fẹ́ lọ sùn ní etí igbó ìjọba. Nítorí pé a kò fẹ́ wàhálà, a lọ tọrọ àyè. Ọ́fíìsì tí a kọ́kọ́ wọ̀ ní ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn, kí a lọ sí òmíràn. Ní òmíràn, ọ̀gá kò sí nílé. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó bi wá bóyá igi la fẹ́ gé, tàbí ẹran la fẹ́ pa, tàbí èédú la fẹ́ kó. A ní rárá, a kàn fẹ́ wo igbó, kí a sùn, kí a padà sílé ni. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó gbé àwọn ìwé orí tábìlì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n. Ìwé wà fún ẹni tí yóò gégi. Ìwé wà fún ẹni tí yóò ru èédú kọjá. Fún ẹni tí kò ní mú ohunkóhun jáde nínú igbó, kò sí ìwé kankan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin gan-an ni n kò mọ ohun tí mo lè kọ fún." Bí a ti ń padà bọ̀, àwọn alùpùpù tó kó èédú ń yà wá sílẹ̀ lójú ọ̀nà, àpò lórí àpò, dírẹ́bà kò tilẹ̀ rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tó ń mú nǹkan nínú igbó ní orúkọ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹni tó wá wò ó kò ní. Tí ọ̀dọ́ bá sì ti rí i pé kò sí ọ̀nà tí òun lè gbà wọ igbó ìlú òun ju kí òun gbé àáké tàbí ìbọn, ẹ má bínú bí ó bá gbé àáké.

Bóyá ẹ ó bi mí pé kí ló wà níbẹ̀ tí a fẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ nínú yín, mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, láti inú mọ́tò nìkan lẹ ti ń rí ilẹ̀ yìí. Títì kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé ilẹ̀ ń yí padà lábẹ́ táyà. Ẹsẹ̀ ló ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Pobẹ̀, ní gúúsù wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó ti wà níbẹ̀ láti 1922, igbó kékeré kan ṣẹ́kù tó jẹ́ igbó kìjikìji tòótọ́. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án gangan, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣú kó tó rí ọ̀nà. Ìtàkùn so igi mọ́ igi, ilẹ̀ tutù lábẹ́ ewé tó ti jẹrà. Igbó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lágbègbè yìí, ìdí rẹ̀ sì wà. Igbó ńlá tó wá láti ìhà Làìbéríà já ní ilẹ̀ Gánà. Láti ibẹ̀ títí dé ìtòsí Nàìjíríà, ọ̀dàn ni ó sọ̀kalẹ̀ wá bá òkun. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Àlàfo Dahomey. Etí àlàfo yẹn là ń gbé. Ìyẹn ni ẹlẹ́sẹ̀ fi lè kúrò lábẹ́ igbó kìjikìji ní Pobẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ kan sì tó pé, kó ti bá ara rẹ̀ láàárín koríko ọ̀dàn ní òkè Kétu. Ibi tí ènìyàn ti lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní ilẹ̀ adúláwọ̀.

Tí a bá kúrò ní Pobẹ̀, ilẹ̀ á rọra lọ sísàlẹ̀, a ó sì dé ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, ní ìhà Issaba, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ amọ̀ dúdú. Ìwà méjì ni amọ̀ yìí ní. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń sán, ènìyàn lè ki ọwọ́ bọ inú ojú sísán rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà òjò, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan á kó amọ̀ kún ti tẹ́lẹ̀, bàtà á wúwo, á fẹ̀, á sì bọ́ sẹ́yìn ẹni tó wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í wọ bàtà rárá lásìkò náà. Wọ́n ń fi àwọn ọmọ-ìka ẹsẹ̀ di ilẹ̀ mú, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sókè gangan, wọn kì í wọ́ ọ. Ọmọdékùnrin kan ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ fi wá rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ilẹ̀ yìí náà ló gba àwọn Ọ̀họ̀rí lọ́wọ́ Faransé nígbà tí wọ́n ṣọ̀tẹ̀ ní 1914 sí 1915. Ẹrẹ̀ ni odi tí wọ́n ní, ó sì pẹ́ kí àwọn sójà tó rí ọ̀nà wọ̀ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, tó kọ ìtàn ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó, kò fi wọ́n sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976. Àwa olùkọ́ ń ka ìtàn ọ̀tẹ̀ yẹn fún ọmọ nínú kíláàsì, ó ń wọ etí ọ̀tún ó ń gba ti òsì jáde. Ẹ mú ọmọ kan náà gba ilẹ̀ yẹn kọjá ní oṣù kẹfà, kó wá sọ ìdí tí àwọn sójà fi pẹ́.

Lẹ́yìn ilẹ̀ dúdú la ó gun orí òkè pẹrẹsẹ tiwa, ilẹ̀ pupa. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, òwú, àti oko tíkì tí ewé rẹ̀ ń ké ràkàràkà lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni omi. Omi jìn nísàlẹ̀ ilẹ̀ Kétu, àwọn baba wa jẹ ìyà rẹ̀. Ẹni tó ń rìn ní oṣù kejì kò lè sọ pé òun yóò bá odò pàdé níwájú. Láti abúlé dé abúlé ló gbọ́dọ̀ ṣírò omi rẹ̀, kò sì lè yẹ ènìyàn sílẹ̀. Èyí dùn mọ́ mi. Ní àwọn ilẹ̀ kan, ẹni tó ń rìn nínú igbó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ohun tó tilẹ̀ ń wá nìyẹn. Orí òkè Kétu kò gba irú rẹ̀. Dandan ni kí o kí onílé kí o tó mu omi.

Tí a bá wá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, a ó dé àwọn igbó ìjọba ti Dogo àti Kétu, tí méjèèjì pọ̀ ju 40,000 hẹ́kítà lọ. Igi àpá, ayìn, ìgbá àti ẹ̀mì ló wà níbẹ̀, àwọn tí iná àti àáké ṣì fi sílẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni odò Ouémé, tó gùn jù nínú odò orílẹ̀-èdè yìí, nǹkan bíi kìlómítà 510 láti orísun rẹ̀ ní àríwá dé ọ̀sà. Etí odò yẹn tutù, igi ńláńlá ṣíji bò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ibẹ̀ kò mọ ọmọ olóore. Ní àríwá wa pátápátá ni àwọn òkè àpáta Ṣábẹ, tí ènìyàn ń gùn ní ìdájí kí òkúta tó gbóná. Ìyẹn kì í ṣe ti Kétu, n kò ní fi iṣẹ́ oníṣẹ́ bọ̀ yín lọ́rùn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo lè so igbó kìjikìji, amọ̀ dúdú, ilẹ̀ pupa, ọ̀dàn, odò àti àpáta pọ̀, àti pé àárín gbùngbùn ọ̀nà náà ni Kétu jókòó sí.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé àṣà òyìnbó ni fífi ẹsẹ̀ rìn láìní ẹrù ọjà lórí. Ẹ bi ìtàn wa wò. Láti Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti wá, wọ́n dúró ní Òkè-Ọyán, wọ́n dúró ní Àró, kí Ọba Ẹdẹ tó kó wọn dé ibí. Ọdẹ ló ṣamọ̀nà wọn, Alálùmọ̀n, tó ti ń dẹ ìgbẹ́ yìí kó tó di ìlú. Ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan ní Panku ni wọ́n ti gba iná. Mo máa ń rò ó pé gbogbo ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ nílò dòní ló ti wà nínú ìtàn yẹn: ẹni tó mọ ọ̀nà, ibi tí a lè dúró sí, àti aládùúgbò tí kò fi iná du àlejò. Ní oṣù kìíní 1853, Samuel Ajayi Crowther kúrò ní Abẹ́òkúta, ó tọ ọ̀nà igbó wá kí Alákétu Adebia. Nígbà tí Dahomey fọ́ ìlú ní 1886, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Bẹhánzìn, ọba Dahomey, àwọn tó ṣẹ́kù tẹ̀lé Alákétu Onyegen padà wálé, wọ́n sì tún ìlú tẹ̀ dó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi bọ̀. Ibi tí wọ́n gbà kọjá ṣì wà, kò sí ẹni tó fi àmì kankan síbẹ̀.

Ọ̀nà míràn tún ń bẹ, èyí tó lọ sí ìlà-oòrùn láti Kétu gba Ìlárá dé Imẹkọ. Ìlú kan náà ni wá kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó fa ìlà láàárín wa ní 1889. Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020. Bí àwọn ará Ìlárá ṣe ń lọ kí àna wọn lásìkò náà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, n kò ní ṣàlàyé. Ọ̀nà yìí nílò kí ẹ bá àwọn ará ìhà kejì sọ̀rọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí ó dúró ná.

Ẹ̀yin àgbà, ìgbà tó yẹ kí a sọ̀rọ̀ yìí ti tó. Tẹ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ igbó ní Benin, àríwá ló ń wò: àwọn ọgbà ẹranko Pendjari àti W. Ní oṣù karùn-ún 2019, wọ́n jí ará Faransé méjì gbé ní Pendjari, wọ́n sì pa ọmọ ilẹ̀ wa tó ń fọ̀nà hàn wọ́n. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ àwọn agbébọn ti le ní apá ibẹ̀, tí sójà wa ń kú. Ìjọba orílẹ̀-èdè náà ti kọjú sí etí òkun. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ètò Bénin Révélé jáde ní 2016, Ouidah ń dán, ère obìnrin jagunjagun tó ga ní mítà 30 sì dúró ní Kútọnu láti 2022. N kò ta ko ère. Ó ga, ó sì wuni. Ohun tí wọ́n ń rántí tiwa fún ni ibodè Àkàbà Ìdènà, àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO ti polongo ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà. Àlejò á dé láàárọ̀, á ya fọ́tò ẹnu ibodè, á mu ohun tútù, ọkọ̀ á sì ti gbé e padà sí Kútọnu kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ló kù sílẹ̀ fún Idigny? Kí ló kù fún Adakplamè? Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ á ṣú u. Á jẹun níbẹ̀, á sùn níbẹ̀, á ra wàràkàṣì ní gáà Fúlàní, èyí tí wọ́n fi póòpó ọkà bàbà pa láró pupa, á san owó ẹni tó fi ọ̀nà hàn án, láàárọ̀ ọjọ́ kejì á tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní abúlé mìíràn.

Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe é. Ní ìhà Kpalimé ní Tógò, ní Kouma-Konda, àwọn ọmọ abúlé ń mú àlejò wọ igbó lọ wo labalábá, iṣẹ́ tó ń bọ́ ilé ni. Ní Boabeng àti Fiema ní Gánà, abúlé méjì tí òrìṣà wọn kọ̀ kí wọ́n pa ọ̀bọ ní kí ìjọba agbègbè fi òfin ti èèwọ̀ náà lẹ́yìn, ó sì di òfin ní 1975. Àwọn ọ̀bọ ń gba àárín ilé kọjá títí dòní, àlejò ń sanwó láti wò wọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà kan, àwọn ọlọ́lá ló ni àwọn òkè, ẹ̀ṣọ́ wọn sì máa ń lé ẹlẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 1932, àwọn òṣìṣẹ́ láti Manchester àti agbègbè rẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n gun òkè Kinder Scout láìgba àyè. Wọ́n ju márùn-ún sẹ́wọ̀n nínú wọn. Nígbà tó di 1949, ilé ìgbìmọ̀ wọn ṣe òfin ọgbà orílẹ̀-èdè àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀kùn mọ́ wa, kò sẹ́ni tó ṣí i, a kàn dúró lójúde ni.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà ìlú yóò kọ́kọ́ sọ: igbó òrìṣà ńkọ́? Ọjọ́ Orò ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú di í. Ìwádìí kan tó jáde ní 1998 ka igbó òrìṣà 2,940 ní Benin, gbogbo wọn lápapọ̀ kò ju 18,360 hẹ́kítà lọ. Ìyẹn ni pé, tí a bá pín in, nǹkan bíi hẹ́kítà 6 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kékeré ni wọ́n, wọ́n sì pọ̀ káàkiri. Ẹni tó bá ń rìn láìmọ ilẹ̀ lè já wọ inú ọ̀kan kó tó mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn ni igi tó ti tán níbòmíràn ṣì wà, nítorí pé ìbẹ̀rù ti ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ igbó kò rí ṣe. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a fa pẹ̀lú àwọn àwòrò, kí ó yí po níbi tó yẹ kó yí po. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹsẹ̀ má dé, kí ó má dé ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bèèrè ìdí. Òfin wà tó fara mọ́ èyí: láti oṣù kọkànlá 2012 ni àwọn mínísítà ti fọwọ́ sí àṣẹ lórí bí a ó ṣe máa bójú tó igbó òrìṣà. Ẹ lò ó.

Ti Orò, ohun tí mo ń fẹ́ ni kàlẹ́ńdà. Àwọn ọmọbìnrin wà lára àwọn tí mò ń kó jáde, ẹsẹ̀ wọn sì yá ju ti àwọn ọkùnrin lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Kò yẹ kí wọ́n wà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó gbọ́ pé Orò ń jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. Tí abúlé kọ̀ọ̀kan bá fi ọjọ́ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ́múùnù ṣáájú, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò ti máa gba ìwé àyè, kò sẹ́ni tí yóò ṣèèṣì, kò sì sẹ́ni tí yóò bú àṣà.

Ti ọdẹ ló jẹ mí lógún jù. Àwọn ọdẹ wa ń darúgbó, ẹran ti tán, òfin sì le mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìmọ̀ tó wà lórí wọn kò sí nínú ìwé kankan. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ní ìhà Adakplamè, a ti pa àgọ́, a ti da gaàrì sínú omi, ọdẹ àgbà kan tó ń kọjá dúró, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ojú ọ̀nà ìjàlọ lẹ sùn sí yìí." A wolẹ̀, a kò rí nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà tín-ín-rín kan tó ṣófo láàárín koríko, ó mọ́ bí ẹni pé wọ́n gbá a. A kó ẹrù wa, a sún lọ sí ìsàlẹ̀ igi ìgbá kan. Ní òru, a gbọ́ tí ewé gbígbẹ ń dún ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́. A tan iná síbi tí a ti kúrò: ìjàlọ ti bo ilẹ̀, ó dúdú. Ọkùnrin yẹn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, kódà ó fẹ́ fún wa ní iṣu. Ẹ kọ orúkọ irú wọn sílẹ̀. Kí ìwé àyè má wúlò láìsí orúkọ afọ̀nàhàn kan lórí rẹ̀, kí afọ̀nàhàn náà jẹ́ ọdẹ tàbí ọmọ ọdẹ tí abúlé fọwọ́ sí, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Iná náà ńkọ́? Èyí ló ń ba àwọn ará Omi àti Igbó lẹ́rù, wọ́n jàre. Wọ́n mọ̀ pé iná tí a bá tètè sun nígbà tí koríko kò tíì gbẹ tán kò lè pa igi, ti ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń pa á. Ẹlẹ́sẹ̀ tó bá dáná lábẹ́ ọyẹ́ oṣù kìíní lè jó oko olóko àti igbó ìjọba pọ̀ lọ́sàn-án kan. Ẹ fòfin dè é: láti oṣù kejìlá títí òjò yóò fi rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má dáná lóde abúlé. Kí wọ́n se oúnjẹ wọn ní ààrò onílé kí wọ́n tó kúrò, gaàrì àti ẹ̀pà sì wà fún ẹni tí ebi bá pa lọ́nà. Kò sí ẹni tí ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ ọbẹ̀ gbígbóná pa rí.

Àwọn agbófinró yóò sọ pé báwo ni àwọn yóò ṣe mọ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ kì í ṣe amí tàbí onífàyàwọ́. Ìwé ńlá kan ní ilé olórí abúlé kọ̀ọ̀kan ti tó: orúkọ, nọ́ńbà káàdì, orúkọ afọ̀nàhàn, ibi tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn ibí. Olórí abúlé á tẹ ẹni tó wà níwájú láago pé àlejò mélòó ló ń bọ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí wọn kò dé, àwọn ọdẹ á jáde wá wọn. Ìlànà yìí á tún gba ẹ̀mí ẹni tí ejò bá bù jẹ tàbí tí oòrùn bá dá lọ́nà. Mo ti rí i rí tí ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára subú lọ́sàn-án nítorí pé omi rẹ̀ tán kí abúlé tó kàn, onígáà kan ló gbé e sórí alùpùpù.

Ti omi, ẹ má gbẹ́ kàǹga tuntun nítorí tiwa. Ẹ tún àwọn ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́ ní àwọn abúlé tí ọ̀nà yóò gbà ṣe, kí àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ní gbogbo ọdún lè kọ́kọ́ mu ún. Owó ìsùn ẹlẹ́sẹ̀ lè máa tún un ṣe lẹ́yìn náà, bí ó bá dúró ní abúlé tí wọ́n ti gbà á. Bí ó bá jẹ́ pé Kétu ni wọ́n yóò kó owó náà wá, kí Kétu wá dá díẹ̀ padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa mọ bí ó ṣe máa ń parí.

Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má mọ ògiri sí ẹnu igbó. Ẹ má mọ géètì. Ẹ má ri pátákó ńlá mọ́lẹ̀ tí fọ́tò ẹnikẹ́ni wà lórí rẹ̀, àgàgà ní àkókò ìbò. Ọ̀dà funfun díẹ̀ lára igi ní oríta ti tó, àti òkúta tí a tò ní ibi tí igi kò sí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kun ọ̀dà náà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, Ọjọ́ Igi, nígbà tí wọ́n bá ń gbin igi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ igi tí a ti gbìn lọ́jọ́ yẹn láti 1985 ló ti kú nítorí pé ẹnikẹ́ni kò padà gba ibẹ̀ kọjá láti bu omi rin ín. Tí a bá gbìn wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ènìyàn ń rìn, bóyá èyí tó máa yè yóò pọ̀ sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kúrú jù, láti Kétu dé Idigny. Kí àwọn àwòrò, ọdẹ, olórí abúlé àti àwọn ará Omi àti Igbó jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn kọ́múùnù, kí wọ́n fa ọ̀nà náà sórí bébà, kí akọ̀wé sì tẹ ìwé àyè kan, ojú ewé kan péré, tí orúkọ ẹlẹ́sẹ̀ lè wọ̀. Àsìkò tó dára jù láti rìn ín ni ìgbà tí òjò ìkẹyìn bá dá, kí iná ìgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá yan ẹnì kan tí yóò bá wa lọ kó tó fọwọ́ sí i, a ó gbé omi tirẹ̀ kún tiwa. Kí ó mú bàtà tó ti wọ̀ pẹ́ wá, kó má ra tuntun nítorí ọjọ́ náà, á bó o lẹ́sẹ̀ kí a tó dé ìdajì ọ̀nà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kan ní Kétu